Ẹjọ́ Sítátà: Bí A Ṣe Ń Wádìí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí wúlò ní ààfin, ó wúlò ní kóòtù, ó sì wúlò lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ènìyàn máa ń tètè dá lẹ́bi nínú ọkọ̀ ni sítátà, ẹ̀rọ kékeré tí ń jí ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ a kọ̀ láti dìde ní òwúrọ̀, awakọ̀ a yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kíní, a yí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ń kọjá lọ a sì dá ẹjọ́ láti ojú ọ̀nà pé, "Sítátà ti kú." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yọ sítátà, wọ́n ti ra òmíràn, wọ́n ti dè é mọ́ ipò rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ kò dìde. Owó ti lọ, ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an sì wà níbi tí ó wà.

Bí a bá fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Ìbàdàn tí ó ní Volkswagen àtijọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá nítorí ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò yé wa dáadáa. Ìwé ìdánwò wà nínú ọkọ̀, aago méje ti lù, àwọn ọmọ sì ti ń tò sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ "kọ̀", ohun gbogbo sì dákẹ́. Ohun mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀: iṣẹ́ tí sítátà ń ṣe, bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí a tó dá a lẹ́bi, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ láìpa ara ẹni lára.

Ohun tí sítátà jẹ́

Ẹ́ńjìnì kò lè dá ara rẹ̀ gbé dìde. Písítìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí iná tó lè ràn án. Ohun mìíràn ni yóò sì kọ́kọ́ yí i títí iná yóò fi mú un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, apá ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Awakọ̀ a ki irin títẹ̀ kan bọ iwájú ọkọ̀, a sì fi gbogbo agbára yí i. Bí iná bá ràn ṣáájú àkókò, irin náà a ta padà lójijì, ọrùn ọwọ́ tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kò níye.

Ní 1911, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Charles Kettering ṣe sítátà oníná mànàmáná tí ilé iṣẹ́ Cadillac fi sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti 1912. Kí ó tó ṣe èyí, ó ti fi mọ́tò iná mànàmáná sínú ẹ̀rọ ìgbowó tí àwọn oníṣòwò ń lò. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ náà kò bá ti pẹ́. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú ti mọ ìdajì àṣírí sítátà. Òun ni ó fà á tí ohun tí a lè fi ọwọ́ méjì gbé fi lè yí odidi ẹ́ńjìnì. Òun kan náà ni ó sì fà á tí ó fi máa ń jóná bí awakọ̀ bá di kọ́kọ́rọ́ mú láìjẹ́ kí ó sinmi.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ a gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí àgbá kékeré tí ó gun orí sítátà, èyí tí a ń pè ní sólẹ́nọ́ìdì. Wáyà bàbà tí a ká sínú àgbá yìí a di òòfà, a sì fa ọ̀pá irin kan mọ́ra. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀pá yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ti jíà kékeré kan síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ inú eyín kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ó sì ń pa ojú bàbà méjì pọ̀ kí iná ńlá láti inú bátìrì lè wọ inú mọ́tò. Nínú Ìjàpá onífólítì 12, jíà kékeré náà ní eyín 9, kẹ̀kẹ́ ńlá sì ní 130. Nítorí náà, jíà kékeré yóò yí ju ìgbà 14 lọ kí ẹ́ńjìnì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni fi ọ̀pá gígùn yí òkúta ńlá ni. Ohun tí a pàdánù ní eré ni a jèrè ní agbára.

Gbígbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí

Etí ni a kọ́kọ́ fi ń wádìí sítátà, ọ̀rọ̀ aṣàfarawé-ìró tí ó pọ̀ nínú èdè Yorùbá sì wúlò níhìn-ín púpọ̀, nítorí ìró kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀sùn tí ó ń sọ.

Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ pátápátá, tí iná iwájú awakọ̀ kò sì tàn, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ bi, tàbí orí tí a fi dè é. Bí iná wọ̀nyí bá tàn dáadáa tí sítátà kò sì fọhùn rárá, a jẹ́ pé iná tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibi kọ́kọ́rọ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ sólẹ́nọ́ìdì.

Bí a bá gbọ́ "ta-ta-ta-ta" kíákíá, ebi ni ó sábà ń pa bátìrì. Sólẹ́nọ́ìdì gbá mú, mọ́tò béèrè iná púpọ̀, bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, sólẹ́nọ́ìdì já. Bí mọ́tò ti fi í sílẹ̀, bátìrì tún gbérí, sólẹ́nọ́ìdì sì tún gbá mú. Àtúnṣe yìí ni etí ń gbọ́.

Bí ó bá jẹ́ "kọ̀" ẹyọ kan, irú èyí tí olùkọ́ wa gbọ́, sólẹ́nọ́ìdì ti ṣí, ṣùgbọ́n mọ́tò kò yí. Ó lè jẹ́ pé ojú bàbà inú rẹ̀ ti jóná, tàbí pé bọ́rọ́ọ̀ṣì èédú tí ń gbé iná wọ mọ́tò ti jẹ tán. Ó sì tún lè jẹ́ pé wáyà ńlá ni ó ní àbùkù.

Bí ó bá jẹ́ "wìììì", mọ́tò ń yí lásán ni, jíà kékeré kò mú kẹ̀kẹ́ ńlá. Bí ó bá jẹ́ "gààràgà", eyín ń gé eyín. Bí ó bá sì ń lọ́ra, "hùn-ùn, hùn-ùn", bí aláàárẹ̀ tí ń gun òkè, bátìrì lè ti rẹ̀, ìpáàrà lè wà ní orí wáyà, tàbí kí búùṣì tí ń gbé ọ̀pá sítátà ti jẹ.

Wíwádìí ẹ̀rí

Etí kò tó ẹ̀rí. Mítà kékeré tí ń ka fólítì ni kí a fi tì í lẹ́yìn. Bátìrì tí ó yó, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yóò fi nǹkan bí fólítì 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí kí ó dín, kí a fún un ní iná kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí a bá ń yí ẹ́ńjìnì, kò yẹ kí ó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 9.6 lọ. Ẹni tí kò ní mítà lè tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá kú pátápátá, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Bí iná náà kò bá yí padà rárá, a jẹ́ pé agbára ńlá kò wọ inú mọ́tò.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo wáyà. Kí a fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀ (+), kí a fi èkejì kan orí ńlá tí wáyà nípọn gbà wọ sítátà, èyí tí a máa ń kọ 30 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mítà bá kà ni iná tí ó ṣòfò lójú ọ̀nà. Kò yẹ kí ó ju ìdajì fólítì kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe láàárín orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò (−) àti ara sítátà. Ibí yìí ni a ti ń tú ọ̀pọ̀ sítátà sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì àti àpótí jíà jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Okùn irin híhun kan ni ó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Bí okùn yìí bá já, tàbí tí ìpáàrà bá bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí iná yóò gbà padà sí ilé, sítátà tuntun mẹ́wàá kò sì lè yanjú rẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta ni orí kékeré tí a kọ 50 sí. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí iná bátìrì dé ibẹ̀. Nínú Ìjàpá, ẹ̀yìn ni sítátà àti bátìrì wà, iná yìí sì ní láti rìn dé iwájú lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kí ó tó padà wá sẹ́yìn; bí ọkọ̀ ti ń dàgbà, àárẹ̀ a máa mú un lójú ọ̀nà. Ẹ̀rí kẹrin ni ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀: bí a bá fi sípánà yí i lọ́wọ́ tí kò mira, òun ni ó há, kì í ṣe sítátà ni ó kú.

Olùkọ́ wa rí ẹni méjì bá a ti ọkọ̀. Ó ki jíà kejì, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń yí lọ, ẹ́ńjìnì sì dìde; ìwé ìdánwò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀rí ni èyí jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ó fi hàn pé ẹ́ńjìnì kò há. (Ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ kò ṣeé tì bẹ́ẹ̀.) Ní ọ̀sán, mítà ka 12.6 ní bátìrì. Àdánù ojú ọ̀nà kò tó ìdajì fólítì ní ìhà méjèèjì. Iná dé orí 50. Síbẹ̀ "kọ̀" náà ni sítátà ń wí. Nígbà náà ni a lè sọ pé ẹ̀bi hàn.

Kí ọwọ́ tó kan irin

Ẹni tí yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ ní láti mọ̀ pé jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè ni. Kò wà fún gbígbé e dúró lé ènìyàn lórí. Orí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí a fi òkúta há àwọn ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀, kí a sì fi ìdúró irin tí ó lágbára sí abẹ́ ọkọ̀ kí orí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Kí sáléńsà ti tutù. Kí a bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú rẹ̀ lè gbiná.

Orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò ni kí a kọ́kọ́ tú, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Gbogbo irin ara ọkọ̀ ni a so mọ́ orí yìí. Bí a bá ń tú orí àròpọ̀ nígbà tí orí àyọkúrò ṣì wà ní ipò rẹ̀, tí sípánà sì kan ara ọkọ̀, gbogbo agbára bátìrì yóò gba inú sípánà náà kọjá. Irin yóò pọ́n, ọwọ́ yóò sì jó. Bí a bá ti kọ́kọ́ tú orí àyọkúrò, kò sí ọ̀nà tí iná yóò gbà yíká. Nínú Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà.

Ó tún yẹ kí a kìlọ̀ nípa àṣà kan: àwọn kan a máa fi sùkùrù-díráífà so orí 30 àti orí 50 pọ̀ kí sítátà lè yí láìlo kọ́kọ́rọ́. Bí jíà bá wà nínú ọkọ̀ nígbà náà, ọkọ̀ yóò fò lọ sí iwájú tàbí ẹ̀yìn, yóò sì gun ẹni tí ó dúró tì í. Kò sí ìkánjú tí ó tó èyí.

Yíyọ àti fífi sí ipò

Sítátà Ìjàpá wà ní apá ọ̀tún àpótí jíà, imú rẹ̀ sì kọjú sí ẹ́ńjìnì tí ó wà lẹ́yìn. Bí a bá yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún, ọwọ́ yóò ráyè wọlé. Kí a kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tí ó di wáyà nípọn mú lórí 30, sípánà 13 ni yóò ṣí i. Lẹ́yìn náà kí a fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lórí 50. Bí wáyà tí ó wà lórí 30 bá ju ẹyọ kan lọ, kí a sààmì sí gbogbo wọn, nítorí láti ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn ti ń gba iná.

Ìdè méjì ni ó mú sítátà, sípánà 17 ni yóò sì ṣí wọn. Inú yàrá ẹ́ńjìnì, lẹ́yìn ilé fáànù, ni a ti ń nawọ́ mú nọ́ọ̀tì ti òkè; ìdè yìí kan náà wà lára èyí tí ó di ẹ́ńjìnì mọ́ àpótí jíà. Láti abẹ́ ni a ti ń tú ti ìsàlẹ̀. Kí a fi ọwọ́ kan gbé sítátà ró kí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn tó já, nítorí ó wúwo ju bí ó ti rí lọ, ojú ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sì ni ó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a fà á sí ìhà iwájú ọkọ̀ títí imú rẹ̀ yóò fi jáde.

Bí ihò bá ti ṣí sílẹ̀, kí a fi iná tọ́ọ̀ṣì wo eyín kẹ̀kẹ́ ńlá, kí ẹlòmíràn sì máa fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi rí gbogbo eyín náà. Bí wọ́n bá ti jẹ, sítátà tuntun kò ní pẹ́ kí ó tó máa ké "gààràgà". Kí a wo búùṣì idẹ kékeré tí ó wà lára àpótí jíà pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, inú búùṣì yìí ni orí ọ̀pá sítátà ń yí sí. Bí ó bá ti fẹ̀, ọ̀pá yóò máa mì, mọ́tò yóò máa ha ara rẹ̀, ẹ̀bi yóò sì tún padà sọ́rùn sítátà tuntun. Owó díẹ̀ ni búùṣì, àsìkò tí sítátà wà nílẹ̀ sì ni ó rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀.

Kí a gbé ti àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kí iye eyín dọ́gba, kí ihò ìdè bá ara wọn mu, kí fólítì sì jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí àwọn Ìjàpá àkọ́kọ́ ń lo fólítì 6. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni a rà, kí a dán an wò níwájú ẹni tí ó tà á, kí a sì dì í mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí yóò ta bí ẹṣin bí iná bá wọ inú rẹ̀.

Fífi sí ipò kò ju kí a padà gba ọ̀nà tí a gbà wá. Kí a ha ojú irin méjèèjì mọ́ níbi tí wọ́n ti pàdé, nítorí ara sítátà ni iná ń gbà padà. Kí a fi gírísì díẹ̀ sí orí ọ̀pá. Kí a fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdè méjèèjì kí sípánà tó kàn wọ́n. Nǹkan bí Newton-mítà 30 ni a ń dè wọ́n dé, èyí tí ó jẹ́ líle tí kò ní ipá nínú. Lẹ́yìn náà ni wáyà, kí orí àyọkúrò bátìrì sì kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó pọ̀ lójú ọ̀nà lónìí, bíi Toyota Corolla, iwájú ni ẹ́ńjìnì àti bátìrì wà, ó sì lè jẹ́ pé a ó kọ́kọ́ yọ àpótí asẹ́fẹ́ kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ sítátà. Síbẹ̀, ìdè méjì, wáyà nípọn kan àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ni a sábà ń bá pàdé, ìlànà ààbò kò sì yàtọ̀. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni kí a fi wá ìwọ̀n ìdè.

Nígbà tí olùkọ́ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí jíà má ṣe wà nínú ọkọ̀, kí ó má sì di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tíì dìde, kí ó jẹ́ kí sítátà sinmi fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún yí i. Ohun tí Kettering rí lára ẹ̀rọ ìgbowó kò tíì yí padà.

Sítátà tí a yọ kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn. Àwọn ríwáyà a máa pààrọ̀ bọ́rọ́ọ̀ṣì èédú àti ojú bàbà rẹ̀ ní iye tí ó kéré sí owó tuntun, a sì lè fi í pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá kọjá àtúnṣe, ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó lọ. Òòfà, ọ̀pá ìgbéǹkan àti jíà wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn sì ṣeé fi ọwọ́ kàn. Ọmọ tí olùkọ́ bá fi èdè Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà kékeré náà, kò ní jẹ́ kí ẹni tí ń kọjá lọ bá a dá ẹjọ́ láti ojú ọ̀nà.